Ọjọ́ Orò Lójú Omi

Ọkọ mi nìkan ni mo mọ̀ tó máa ń gbé omi lọ bá àwọn tó ń gbé lórí omi. Bí a bá ti ń palẹ̀ mọ́ láti kúrò ní Èbúté Ìkòròdú, kẹ́ẹ̀gì omi bòhóòlù ló máa ń kọ́kọ́ wọ inú ọkọ̀, kí ìkòkò mi tó wọlé, kí ẹní tó wọlé, kí èmi alára tó wọlé. Mo máa ń bi í léèrè pé ṣé omi tó yí wọn ká lọ́tùn-ún lósì kò tó wọn ni. Á ní omi iyọ̀ nìyẹn, pé bí èèyàn bá fẹ́ bá ará etí ọ̀sà dọ́rẹ̀ẹ́, omi mímu ni kó gbé dání, kì í ṣe búrẹ́dì. Mo ní ó dáa, kó máa gbé e, ẹ̀yìn rẹ̀ ló máa sọ èyí tó kù fún un.

Ará Ìsẹ́yìn ni àwa méjèèjì, kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọmọ onílùú ni wá. Kí n tó relé ọkọ, omi tó pọ̀ jù lọ tí mo fojú rí ni èyí tó wà nínú àmù ìyá mi. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ló gbé ọkọ mi wá sí Èkó, ọ̀wọ́n ilé ló sì tì wá dé Ìkòròdú, níbi tí a ti kọ́kọ́ gba yàrá kan láàárín ìlú, kí a tó wá rí ilẹ̀ kékeré kan ní Ìgbògbò. Ní gbogbo ọdún tó fi ṣiṣẹ́, nígbà tí àwọn aládùúgbò wa bá ń jí lọ wọ mọ́tò, èbúté ni tirẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé e lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó láàárọ̀, òun náà ló ń gbé e bọ̀ nírọ̀lẹ́. Ibẹ̀ ni ọ̀sà ti wọ̀ ọ́ lára. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ra mọ́tò tí wọ́n fi ń kérò, òun ra ògbólógbòó ọkọ̀ ojú omi lọ́wọ́ awakọ̀ kan tí ojú ń dùn, tí kò lè wà á mọ́. Gbogbo ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ló rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ẹkún ni mo sun, nítorí òun ò mọ̀wẹ̀, èmi náà ò mọ̀wẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí n wọ ọkọ̀ náà, orò ni.

Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ kí n là á yé e. Ní ọjọ́ orò, ọkùnrin nìkan ló ń rìn nígboro. Obìnrin á wà nínú ilé, á ti ilẹ̀kùn, á ti fèrèsé, títí wọ́n á fi ní orò ti wọlé. Bí obìnrin bá fojú kan orò, orò á gbé e. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Ìkòròdú náà ni wọ́n ń sọ ọ́ ní Ìsẹ́yìn, inú rẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, mi ò sì bá ìlú kankan jà lórí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Ìsẹ́yìn, agbo ilé ni. Ọ̀pọ̀ obìnrin la máa ń kó sínú yàrá kan, a ó máa dirun, a ó máa jẹ ẹ̀pà, a ó máa rẹ́rìn-ín sínú. Ní Ìkòròdú, lọ́dún tí a kọ́kọ́ débẹ̀, èmi nìkan ni mo wà nínú yàrá, èmi àti àkọ́bí wa tí ara rẹ̀ ń gbóná. Gìrì mú un lọ́sàn-án gangan. Mo fi omi tutù nù ún lára, mo pe Jésù, mo lọ dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo gbé ọwọ́ lé ìdábùú rẹ̀, mo tún gbé e kúrò. Nígbà tí ọkọ mi fi máa ti Èkó dé, ọmọ ti sùn, èmi ni mi ò lè dákẹ́. Ọmọ náà yè é, ó ti bímọ tirẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n ọkọ mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ní níwọ̀n ìgbà tí òun bá ṣì wà láyé, orò kò ní bá èmi nìkan nílé mọ́.

Ó sì mú un ṣẹ. Ní gbogbo ìgbà tó fi wà lẹ́nu iṣẹ́, ó máa ń gba ààyè lọ́jọ́ náà, á wá jókòó tì mí nínú ilé bí ẹni pé obìnrin ni òun náà, a ó jọ máa ta ayò, màá máa pa á láyò, á máa ní èmi ni mo ń ṣèrú. Nígbà tó wá ra ọkọ̀, ó ní ọ̀nà mìíràn ti là. Bí ìlú bá ti kéde orò, a ó ti wọ ọkọ̀, a ó forí lé Ẹ̀pẹ́, a ò ní wálé títí orò á fi wọlé. Èmi ò fẹ́ràn omi, mi ò sì fẹ́ràn ilẹ̀kùn títì. Mo bá yan omi.

Télọ̀ ni mí. Kí n tó gbà láti wọ ọkọ̀ náà, mo ní kó ra tapólì wá, mo fi òwú tó nípọn rán ìbòrí gígùn sí i láti iwájú dé àárín, kí oòrùn má baà pa mí kí omi tó pa mí. Ó yìn mí fún un ní gbogbo èbúté tí a dé. Kò sí ẹni tó béèrè, á ní, "Ìyàwó mi ló rán an." Àwọn èèyàn á gbójú sókè wo tapólì, wọ́n á ní ó dáa. Kí ni wọ́n tún fẹ́ sọ?

Ẹ̀rù ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn kò ṣe é fẹnu sọ. Ọ̀sà ń mì, mo di bẹ́ǹṣì mú, mo ń ka Sáàmù, ó sì ń nawọ́ sí ìlú bí ẹni pé inú yàrá àlejò rẹ̀ ló ti ń fi àwòrán hàn mí: Báyéekú rèé, Ìjẹ̀dẹ́ rèé, Agbówà ń bẹ lọ́hùn-ún. Nígbà tí a dé èbúté tí a ti máa kọ́kọ́ dúró, mi ò lè dìde. Ó fò kalẹ̀, ó so okùn, ó yíjú padà, ó na ọwọ́ sí mi, ó ní, "Ó yá, Ìyàwó, ilẹ̀ nìyí." Ó fà mí gòkè. Láti ọjọ́ náà, bó ṣe ń ṣe é nìyẹn ní gbogbo èbúté, ìbáà jẹ́ pátákó tó ti jẹrà, ìbáà jẹ́ kọnkéré tó tẹ́jú bíi pálọ̀. Nígbà tó yá, ẹ̀rù ò bà mí mọ́, mo lè fò kalẹ̀ fúnra mi. Ṣùgbọ́n mo ṣì máa ń jókòó dúró dè é kó wá wí i. Bí ó bá gbàgbé, tí ó ti ń bá ẹnìkan sọ̀rọ̀, màá wúkọ́.

Ìrìn wa wá ń gùn sí i. Ẹ̀pẹ́ tí ó jẹ́ òpin ayé fún mi lọ́dún àkọ́kọ́ wá di ibi tí a ti ń sinmi kí a tó kọjá sí ọ̀sà kejì, sí Ìwòpin, sí àwọn abúlé tí mi ò tíì gbọ́ orúkọ wọn rí, tí ilé wọn dúró lórí òpó. A kì í dúró de orò mọ́ kí a tó lọ. Bí àwọn ọmọ bá pè lórí fóònù, tí wọn ò bá wa, wọ́n á mọ̀ pé àwọn òbí wọn tún ti lọ sójú omi bí ẹja. Àkọ́bí wa a máa bínú gan-an. Á ní kí ni àwọn àgbàlagbà méjì ń wá kiri.

Èèyàn ni ọkọ mi ń wá. Bí a bá ti dé èbúté, á gbé kẹ́ẹ̀gì omi kalẹ̀, á kí wọn títí ìkíni á fi tán lẹ́nu rẹ̀, lẹ́yìn náà á béèrè pé kí ni wọ́n ń pe afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ yìí ní èdè tiwọn. Wọ́n á sọ fún un. Tí a bá dé èbúté kejì, á fi orúkọ náà pe afẹ́fẹ́ mìíràn, gbogbo wọn á bú sẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ máa ń rò pé ìjọba ló rán wa, pé a wá wọn ilẹ̀ wọn. Nígbà tí wọ́n bá rí i pé ọkùnrin yìí ò mọ nǹkan kan, ara wọn á balẹ̀. Èmi náà kì í jókòó lásán. Mo máa ń gbé àpò iṣẹ́ mi dání, abẹ́rẹ́, òwú, sísọ́ọ̀sì, àwọn obìnrin á sì kó aṣọ tó ti ya jáde. Bí mo bá ti rán aṣọ fún obìnrin tán, ọ̀rọ̀ inú ilé rẹ̀ kò ní í pẹ́ tẹ̀ lé e. Ẹja tí wọ́n ń fún wa pọ̀ débi pé òórùn rẹ̀ ò kúrò lára mi ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Nínú gbogbo wọn, ìyá àgbà kan tó ń yan ẹja lábúlé kan tó dojú kọ Ẹ̀pẹ́ ló fẹ́ràn wa jù. Ó ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún wa nínú ilé rẹ̀, ó ní èèyàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ti fẹ́ gbà á, òun ò gbà. Ní Ìkòròdú ńkọ́, bàbá kan wà tó ń ṣọ́ ọkọ̀ wa léèbúté. Ọmọ bíbí ìlú ni, ó dàgbà ju àwa méjèèjì lọ, Ọ̀gá Olómi ló ń pe ọkọ mi. Ọkọ mi kì í tú okùn láì sọ ibi tí à ń lọ fún un àti ọjọ́ tí a máa dé. Mo máa ń yọ ọ́ lẹ́nu pé kódà èmi kì í gbọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, òjò ti bẹ̀rẹ̀, ìlú sì ti kéde orò. A lọ sí Ẹ̀pẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ orò gan-an, ọkọ mi jí, ó ní orí ń fọ́ òun láti ẹ̀yìn ọrùn wá, òun fẹ́ lọ sùn sórí ibùsùn òun. Mo ní oòrùn àná ni. Mo fi òróró pa á lọ́rùn, mo fún un ní oògùn orí fífọ́, ó ní ó ti ń lọ díẹ̀. Ìyá àgbà ní kí a ṣì dúró di ọ̀la, ṣebí orò wa ń jáde lónìí, báwo ni òun ṣe máa jẹ́ kí obìnrin lọ sí Ìkòròdú. Ọkọ mi ní a máa rọra máa bọ̀, a ó dúró lójú ọ̀sà bí a bá ti yá jù, ìgbà tí a bá fi máa dé èbúté, orò á ti wọlé, a ó kàn máa rìn lọ sílé wa. Ó dára létí mi. Ibùsùn tèmi náà wù mí. Ìyá àgbà di ẹja fún wa, ó sì rọ omi kún kẹ́ẹ̀gì wa tó ṣófo, ó ní kò yẹ kí kẹ́ẹ̀gì òfìfo bá èèyàn wálé.

A bọ̀ jẹ́jẹ́. Ọ̀sà tutù lọ́jọ́ náà, ojú ọjọ́ ṣú díẹ̀, afẹ́fẹ́ ń tì wá láti ẹ̀yìn. Nígbà tí a kọjá Ìjẹ̀dẹ́, ọkọ mi ní a ti yá jù, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó ní kí a jẹun kí a tó máa lọ. Mo bu ẹ̀kọ, mo fi ẹja lé e, mo nà án sí i. Ó na ọwọ́ ọ̀tún gbà á. Ọwọ́ náà kò lè dì í mú. Ẹ̀kọ bọ́ sílẹ̀, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni.

Ó ní, "Ìyàwó, ọwọ́ mi."

Lẹ́yìn náà, mo rí ẹnu rẹ̀ tó ń wọ́ lọ sí apá kan. Mo ti rí i lára bàbá mi rí, mo mọ ohun tó jẹ́. Mo gbé e sùn sórí ẹní, mo tú bọ́tìnì rẹ̀, mo sọ gbogbo orúkọ tí mo mọ̀ tí Ọlọ́run ń jẹ́. Mo lọ bá ẹ́ńjìnnì. Ó ti kọ́ mi bí a ṣe ń pa á, torí kí n lè pa á bí òun bá bọ́ sómi. Kò kọ́ mi bí a ṣe ń tan án. Mo fa okùn rẹ̀ títí àtẹ́lẹwọ́ mi fi bó, ó kàn ń húkọ́ ni. Mo gbé fóònù sókè, kò sí nẹ́tíwọ̀kì. Mo pariwo. Ọ̀sà gbé ariwo náà mì, kò dá a padà. Tí èèyàn bá wà lórí ilẹ̀, ó lè sáré, ó kéré tán ó lè sáré láìmọ ibi tó ń lọ. Nínú ọkọ̀, ìdìde àti ìjókòó nìkan ló wà. Mo dìde, mo jókòó, mo dìde, mo jókòó.

Àwọn oníyanrìn ló rí wa. Wọ́n ti wa yanrìn wọn, ọkọ̀ wọn wọ inú omi tó bẹ́ẹ̀ tí ó kù díẹ̀ kí omi bò ó, wọ́n ta ìgbòkun tí wọ́n fi àpò ìrẹsì rán, ìrán burúkú, mo rí i pé ìrán burúkú ni, nínú ìpayà yẹn. Ọ̀gá wọn, Ègùn kan tó sanra, bọ́ sínú ọkọ̀ wa, ó fọwọ́ kan ọrùn ọkọ mi, ó ní ó ń mí, ó ń mí dáadáa. Wọ́n fi okùn so ọkọ̀ wa mọ́ tiwọn. Èbúté Ìkòròdú náà ni wọ́n ń lọ. Ọkùnrin náà wò mí, ó wo ọ̀nà èbúté. Mo ní mo mọ̀, orò ń bẹ níta. Ó ní kí ni kí a ṣe. Ìjẹ̀dẹ́ ti wà lẹ́yìn, afẹ́fẹ́ kò sì lè gbé ọkọ̀ tó kún fún yanrìn padà síbẹ̀. Mo ní kó máa lọ. Mo ní bí a bá débẹ̀, Ọlọ́run á ṣe é.

Ìgbòkun kò mọ ìkánjú. Mo jókòó ti ọkọ mi, ó fi ọwọ́ òsì tó kù fún un di etí ìró mi mú, ó ń gbìyànjú láti sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ń jáde wúruwùru, ṣùgbọ́n bí mo bá gbé etí sún mọ́ ọn, mò ń gbọ́. Ó ní kí n má bínú. Ó ní ṣé orò ti wọlé. Mo ní ó ti ń wọlé lọ. Oòrùn ṣì wà lókè gangan.

Èbúté Ìkòròdú tí a bá lọ́jọ́ náà kì í ṣe èyí tí mo mọ̀. Ibi tí àwọn obìnrin ẹlẹ́ja máa ń jókòó dá páropáro, agbada wọn dojú délẹ̀. Ọkùnrin díẹ̀ ló dúró káàkiri, kò sí ẹni tó ń pe oníbàárà. Bàbá tó ń ṣọ́ ọkọ̀ rí wa láti òkèèrè, mo rí i tó ń gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, tó ń tì wá padà. Nígbà tí oníyanrìn kígbe ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, ó sáré, ó bọ́ bàtà sílẹ̀, ó wọ inú omi wá pàdé wa. Ó rí ojú ọkọ mi. Ó ní, "Ọ̀gá Olómi," ó di etí ọkọ̀ mú.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n tẹ̀ lé e. Màá dojú bolẹ̀ nínú mọ́tò. Ẹ fi ẹní bò mí, ẹ ká mi mọ́ inú ẹní."

Ó ní, "Màmá, inú ìgboro ni orò wà báyìí, ọ̀nà ọsibítù gan-an ni. Bí wọ́n bá rí yín, gbogbo ọwọ́ tó yẹ kó gbé Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ yín ni wọ́n á máa fà. Mo bẹ̀ yín. Ẹ má jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ yín pa á."

Mo wo ojú rẹ̀ bóyá mo lè rí ibì kan tí mo lè gbà wọlé. Kò sí. Kì í ṣe èèyàn burúkú, omijé ló wà lójú rẹ̀. Ká ní ó jẹ́ èèyàn burúkú ni, ǹ bá ti bú u. Mo ṣí fìlà ọkọ mi, mo dé e, mo nawọ́ sí ṣòkòtò rẹ̀ tó wà nínú báàgì. Bàbá náà mi orí rẹ̀. Ó ní kì í ṣe aṣọ ni orò ń wò, Màmá. Mo ṣí fìlà náà kúrò.

Wọ́n fẹ́ gbé e, ọwọ́ òsì rẹ̀ kò jọ̀wọ́ etí ìró mi. Oníyanrìn gbìyànjú láti ṣí ìka rẹ̀, mo rí i pé ó ń dùn ún, mo ní kí ó fi í sílẹ̀. Mo ṣí àpò iṣẹ́ mi, mo mú sísọ́ọ̀sì, mo gé etí ìró náà yí ọwọ́ rẹ̀ ká. Aṣọ òkè Ìsẹ́yìn ni, ó le, sísọ́ọ̀sì rọra ń jẹ ẹ́. Ọkọ mi ń wo ojú mi bí mo ṣe ń gé e. Mo ní, "Dádì, ẹ máa lọ, mò ń bọ̀ lẹ́yìn yín." Ìyẹn ni mo sọ. Wọ́n gbé e gòkè, ó di ègé aṣọ náà mú, orí rẹ̀ ń yí padà sí ọ̀dọ̀ mi. Mo gbọ́ tí mọ́tò kan ṣíná, mo gbọ́ tí ó lọ.

Kí Bàbá tó tẹ̀ lé wọn, ó fi ọ̀pá ti ọkọ̀ wa kúrò létí èbúté, ó so ó mọ́ òpó kan nínú omi, ó ní kí n wọ abẹ́ tapólì, kí n má gbórí sókè, kí n má dún, òun á padà wá mú mi bí orò bá ti wọlé. Mo wọ abẹ́ rẹ̀. Mo sùn sórí ẹní tí ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀, ó ṣì móoru. Tapólì tí mo fi ọwọ́ ara mi rán kí oòrùn má baà pa mí, òun ló wá di ilẹ̀kùn. Ìmọ́lẹ̀ ń gba ojú abẹ́rẹ́ wọlé, gbogbo ojú ìrán mi pátá, ní ìlà, bí mo ṣe tò wọ́n. Mo rí ibi tí òwú ti já lọ́dún kejì, tí mo tún un rán.

Ohun tí mo gbọ́ láti inú ìlú, mi ò ní kọ ọ́ síbí. Obìnrin tí wọ́n tọ́ kì í sọ ọ́. Màá kàn sọ pé mo gbọ́ ọ, ó súnmọ́, ó jìnnà, ó tún súnmọ́, mo sì ń rò ó pé ọ̀nà wo ni mọ́tò yẹn gbà. Mo ń bá a rìn lọ́kàn mi: wọ́n á ti dé oríta, wọ́n á ti yà, wọ́n á ti gbé e wọlé, dókítà á ti fọwọ́ kàn án. Mo gbé e dé ọsibítù tó bẹ́ẹ̀ tí ó rẹ̀ mí. Inú bí mi. Inú bí mi sí ìlú, sí ẹ́ńjìnnì, sí Ìsẹ́yìn tí kò ní ọ̀sà, sí bàbá àgbàlagbà tó bọ́ bàtà wọ omi nítorí wa. Inú bí mi sí ọkọ mi pàápàá, tó ṣèlérí fún mi. Èmi nìkan ni orò tún bá yìí. Mo fẹ́ sunkún, mo rántí pé a ní kí n má dún.

Òùngbẹ ń gbẹ mí. Mo bu omi tí ìyá àgbà rọ sínú kẹ́ẹ̀gì, mo mu ún. Ó ní iyọ̀ díẹ̀.

Nígbà tí Bàbá padà dé, ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ojú abẹ́rẹ́ ti ń pọ́n. Ó fa ọkọ̀ wá sí etí èbúté, ó ká tapólì sókè, ó ní orò ti wọlé. Ó ti ṣí fìlà rẹ̀, ó dì í mú sáyà. Mo jókòó, mo tún gèlè mi so. Mo bi í pé Ọ̀gá ńkọ́.

Ó sọ ọ́ fún mi bó ṣe lọ, kò fi nǹkan kan pamọ́, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìyẹn títí dòní. Ó ní wọn ò pẹ́ lọ́nà, ẹnikẹ́ni ò dá wọn dúró. Ó ní ní gbogbo ọ̀nà, Ọ̀gá ń gbìyànjú láti dìde jókòó, ó ń na ọwọ́ tó fi di aṣọ yẹn mú sẹ́yìn, ó ń sọ ohun kan ṣoṣo, wọn ò sì tètè gbọ́ ọ. Oníyanrìn ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Bàbá ní, "Ó ní kí á dúró. Ó ní òun ò tíì fà yín gòkè. A parọ́ fún un, Màmá. A ní ẹ ti gòkè, a ní ẹ wà nínú mọ́tò tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ìgbà náà ló fara balẹ̀. A ò tíì gbé e dórí bẹ́ẹ̀dì tó fi lọ."

Ó ní nọ́ọ̀sì fẹ́ yọ aṣọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ní kí wọ́n fi í sílẹ̀.

Lókè èbúté, àwọn obìnrin ti ń jáde. Mo ń gbọ́ ohùn wọn, mo gbọ́ tí ẹnìkan ń ṣí agbada, tí òmíràn ń kígbe pe ọmọ rẹ̀ kó gbé iyọ̀ wá. Gbogbo ìlú ti ṣí sílẹ̀ fún mi. Bàbá tẹ̀ síwájú lórí pátákó, ó bẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́ rẹ̀ sí mi. Ọwọ́ rere ni, ọwọ́ tó gbé ọkọ mi. Ó ní kí n máa bọ̀, kí n fara balẹ̀, ilẹ̀ nìyí.

Mo wo ọwọ́ náà. Mo fẹ́ dìde, mi ò lè dìde, bíi ti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣì dúró. Kò tíì fà mí gòkè."

Kò bá mi jiyàn. Ó jókòó sórí pátákó, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó fi wọ́n tẹ etí ọkọ̀ mọ́lẹ̀ kó má baà sún kúrò.